Òṣùwọ̀n Ta Ni?

Gbólóhùn kúkúrú méjì kan wà nínú èdè wa tí mo máa ń gbé síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ lórí bí èdè ṣe ń fi èrò àwùjọ pamọ́ sínú. Èkíní ni 'obìnrin bí ọkùnrin'. Èkejì ni 'ọkùnrin bí obìnrin'. Lójú ẹni tí ó bá ń wo gírámà nìkan, ọmọ ìyá kan náà ni àwọn méjèèjì. Ipò ọ̀rọ̀-orúkọ inú wọn nìkan ni a pààrọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò gbọ́ wọn tí kò ní mọ̀ pé ìyìn ni èkíní, èébú sì ni èkejì. Obìnrin tí ó dá tọ́ ọmọ márùn-ún yanjú lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, tí ó kọ́lé, tí kò sì jẹ́ kí mọ̀lẹ́bí ọkọ rẹ́ òun jẹ, obìnrin bí ọkùnrin ni. Ọkùnrin tí omi bọ́ lójú rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń sin ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọkùnrin bí obìnrin ni. Akíkanjú tí obìnrin ṣe, a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, a fi ta ọkùnrin lọ́rẹ. Ìrora tí ọkùnrin ní, a gbé e ru obìnrin.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ èdè lọ. Nígbà tí a bá sọ pé orí ènìyàn pé, pé ọkàn rẹ̀ balẹ̀, pé ara rẹ̀ dá, òṣùwọ̀n ta ni a fi wọ̀n ọ́n? Ṣé òṣùwọ̀n kan náà ni fún ọkùnrin àti obìnrin? Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan, ta ni a wò kí a tó ṣe é? Bí ó bá jẹ́ méjì, ta ni ó pín in, kí sì ni ó wò pín in? Èyí kì í ṣe àríyànjiyàn àwọn ọ̀mọ̀wé lásán. Lórí ìdáhùn rẹ̀ ni a ti ń mọ ẹni tí a ó pè ní aláàárẹ̀ ọkàn, ẹni tí a ó fún ní oògùn, ẹni tí a ó tì mọ́lé, àti ẹni tí a ó fi sílẹ̀ kí ó máa dá jẹ ìyà rẹ̀ nítorí pé a gbà pé kò sí ohun tí ó ń ṣe é.

Ní ọdún 1970, obìnrin onímọ̀ ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá kan tí ń jẹ́ Inge Broverman, pẹ̀lú àwọn mẹ́rin mìíràn, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn ènìyàn 79 tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ìtọ́jú ọkàn ni wọ́n bi ní ìbéèrè, ọkùnrin 46 àti obìnrin 33. Wọ́n fún wọn ní ìwé tí a to àbùdá ènìyàn 122 sí, èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìkángun méjì tí ó tako ara wọn: ẹni tí kò gbára lé ẹnikẹ́ni ní apá kan, ẹni tí ń gbára lé ẹlòmíràn ní apá kejì, ẹni tí nǹkan kì í tètè dùn lọ́hùn-ún, ẹni tí nǹkan ń tètè dùn níhìn-ín. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n ní kí ìsọ̀rí kan júwe ọkùnrin tí ó ti dàgbà, tí ọkàn rẹ̀ sì le koko. Wọ́n ní kí ìsọ̀rí kejì júwe irú obìnrin bẹ́ẹ̀. Ìsọ̀rí kẹta ni wọ́n ní kí ó júwe àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá, láìsọ bóyá akọ ni tàbí abo.

Èsì tí ó jáde yani lẹ́nu. Ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ le koko àti àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá bára mu. Obìnrin tí ọkàn rẹ̀ le koko kò bá àgbàlagbà náà mu. Àwọn olùtọ́jú wọ̀nyí, tí obìnrin pọ̀ nínú wọn, sọ pé obìnrin tí ara rẹ̀ dá a máa tẹrí ba ju ọkùnrin lọ, kì í fi bẹ́ẹ̀ dá dúró, ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn a tètè máa wọ̀ ọ́ létí, àyà rẹ̀ a sì máa tètè já lórí ohun tí kò tó nǹkan. Ẹ wo pańpẹ́ tí a dẹ sílẹ̀ níhìn-ín. Bí obìnrin bá hùwà gẹ́gẹ́ bí àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá, kì í ṣe obìnrin gidi mọ́. Bí ó bá hùwà gẹ́gẹ́ bí obìnrin gidi, kì í ṣe àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá mọ́. Ọ̀nà méjì ni ó wà níwájú rẹ̀, ilé oníṣègùn ni méjèèjì já sí.

Òtítọ́ ni pé a kò gbọdọ̀ gba ìwádìí kan gbọ́ kí a má yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọdún 1987, Thomas Widiger àti Shirley Settle padà sí ìwé ìbéèrè náà. Àbùdá 38 ni àlàyé àwọn Broverman rọ̀ mọ́. Nínú wọn, 27 ni ó jẹ́ pé ìkángun tí àwọn ènìyàn ń pè ní ti ọkùnrin ni a kà sí rere, 11 péré ni ó jẹ́ pé ti obìnrin ni a kà sí rere. Nígbà tí àwọn méjì yìí mú kí iye apá méjèèjì dọ́gba, ìyàtọ̀ náà pòórá. Nígbà tí wọ́n mú kí ti obìnrin pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ yí padà sẹ́yìn ọkùnrin. Àwọn kan rí èyí, wọ́n ní ọ̀ràn ti parí, pé kò sí ẹ̀tanú kankan láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ra gàrí lọ́jà rí mọ̀ pé kóńgò méjì lè jọra lójú, kí ìdí ọ̀kan sì ti wọnú. Ẹni tí ń tà lè má purọ́ rárá. Kóńgò mẹ́wàá ni ó pè é, kóńgò mẹ́wàá náà ni ó wọ̀n. Ibi tí irọ́ wà ni ìdí kóńgò. Ohun tí ìwádìí 1987 fi hàn wá ni pé ẹni tí ó bá yan ìbéèrè ti yan ìdáhùn, ó kéré tán, apá kan rẹ̀. Kí ni ó fà á tí àbùdá rere tí a kà sí ti ọkùnrin fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ìwé náà? Ìbéèrè tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ náà ni a tún padà dé yìí.

Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n tí ìdí rẹ̀ wọnú yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àìmọye ọdún ni àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yúróòpù fi ń pe oríṣiríṣi ìrora obìnrin ní orúkọ àrùn kan tí wọ́n fa yọ láti inú ọ̀rọ̀ tí àwọn Gíríìkì ìgbàanì ń pe ilé-ọmọ. Bí obìnrin bá ń pariwo, àrùn ilé-ọmọ ni. Bí ohùn rẹ̀ bá dákẹ́, àrùn ilé-ọmọ náà ni. Kò pẹ́ púpọ̀ rárá, ní 1980, tí àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó fọ́ àrùn náà sí wẹ́wẹ́ lábẹ́ àwọn orúkọ mìíràn nínú ìwé tí wọ́n fi ń dá àrùn mọ̀.

Àwa aláwọ̀ dúdú pàápàá ti jẹ nínú ìyà òṣùwọ̀n yìí. Ní ọdún 1953, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé kan jáde tí J. C. Carothers kọ, dókítà tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà. Ó ní ọmọ Áfíríkà kì í fi bẹ́ẹ̀ lo apá iwájú ọpọlọ rẹ̀, àti pé ó jọ òyìnbó tí a ti fi abẹ gé ibẹ̀. Ó ní ìbànújẹ́ tí ń di àrùn ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Ní tirẹ̀, ẹni tí kò ka ara rẹ̀ sí ẹni tí ẹrù wà ní ọrùn rẹ̀ kò lè banú jẹ́ dé ibi tí yóò fi di àìsàn. Bí a bá fi òṣùwọ̀n òyìnbó wọ̀n wá tí a kò kún un, àwa ni a kò pé. Kò sí ẹni tí ó yí kóńgò náà padà kí ó wo ìdí rẹ̀.

Ọmọ Abẹ́òkúta kan ni ó wà lára àwọn tí ó yí i padà. Adéoyè Lámbò, tí a bí ní 1923, kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó padà wálé, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò ní 1954. Dípò tí ì bá fi máa ti àwọn aláìsàn mọ́ inú ọgbà, ó ní kí wọ́n máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn láàárín àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn náà ká, ó sì bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Òun àti Alexander Leighton láti Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn mìíràn, wọ inú abúlé àti ìlú Yorùbá lọ, wọ́n sì tẹ ìwé jáde ní 1963 lórí ohun tí wọ́n rí. Ìbànújẹ́ tí ń di àrùn, èyí tí a ní ó ṣọ̀wọ́n, wọ́n bá a níbẹ̀. Àwọn tí ń jìyà rẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Ẹni tí yóò bi wọ́n ní ìbéèrè tí ó yẹ ni kò tíì dé.

Nígbà tí mo bá ń ka ìtàn Lámbò, inú mi a máa dùn, àyà mi a sì tún máa já. Inú mi a dùn nítorí pé a gba ẹ̀tọ́ wa padà. Àyà mi a já nítorí pé mo mọ̀ pé àwa tí a bínú sí Carothers, òṣùwọ̀n tí kò yàtọ̀ sí tirẹ̀ ni a gbé kọ́ sí ìyẹ̀wù wa tí a fi ń wọn aya wa, tí a sì fi ń wọn ara wa pẹ̀lú.

Mo ní a fi ń wọn ara wa, nítorí pé kì í ṣe obìnrin nìkan ni ó ń fara gbá a. Mo mọ ọkùnrin kan tí aya rẹ̀ kú lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti jọ wà. Ní ọjọ́ ìsìnkú, ó dúró ṣánṣán, ó ń kí àlejò, ó ń pàṣẹ ibi tí wọn yóò gbé àga sí. Gbogbo wa ni a ń sọ pé ọkùnrin mà ni o. Èmi gan-an wà lára àwọn tí ó sọ bẹ́ẹ̀ sí i létí. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mutí, ẹni tí kì í mutí tẹ́lẹ̀. Ó ń kanra mọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ó fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, ó fi ìjọ sílẹ̀. A ní ìwà rẹ̀ ti bàjẹ́. Kò sí ẹnìkan nínú wa tí ó sọ pé ọkàn rẹ̀ ń ṣàárẹ̀, nítorí pé kò sunkún lójú wa. Kò ju ọdún méjì lọ tí a fi tún jókòó sórí àga kan náà láti sin òun náà. Títí di òní, bí mo bá rántí ọ̀rọ̀ ìyìn tí mo sọ sí i létí ní ọjọ́ kìíní, ó máa ń dà bí ẹni pé mo fi òkúta lé ilẹ̀kùn tí ó ń wá bí yóò ṣe gbà jáde.

Ohun tí àwọn olùwádìí rí kò jìnnà sí èyí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ìbànújẹ́ tí ń di àrùn pọ̀ láàárín obìnrin ju láàárín ọkùnrin lọ. Àjọ yìí kan náà ni ó sọ pé ọkùnrin tí ń fi ọwọ́ ara wọn pa ara wọn lágbàáyé ju ìlọ́po méjì obìnrin lọ. Ṣé ẹni tí ìbànújẹ́ rẹ̀ kéré ni ó yẹ kí ó máa pa ara rẹ̀ jù? Ìdí rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Irú ohun tí ènìyàn ń gbá mú nígbà tí ó bá fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọtí náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún jẹ́ kí a wo ìdí kóńgò. Ọ̀kan nínú àwọn ìwé ìbéèrè tí a ń lò jù láti fi mọ ìbànújẹ́ ni èyí tí Aaron Beck ṣe ní 1961. Ìsọ̀rí ìbéèrè 21 ni ó wà nínú rẹ̀, ẹkún sísun sì jẹ́ ọ̀kan. Ẹni tí a ti ń sọ fún láti ọmọdé pé ọkùnrin kì í sunkún, báwo ni yóò ṣe dáhùn ìyẹn? Omijé rẹ̀ ti gba ibòmíràn lọ: ó ti di ọtí, ó ti di ìbínú, ó ti di ìdákẹ́rọ́rọ́. Ìwé náà kò sì bi í ní ti ọtí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí èyí sọ pé irọ́ ni àárẹ̀ obìnrin. Ẹni tí ọkọ ń lù, tí ó ń ru ẹrù ilé, tí ó ń bímọ léraléra, tí owó kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀, bí ó bá banú jẹ́, kì í ṣe ọkàn rẹ̀ ni kò lágbára. Ọkàn tí kò ní banú jẹ́ ní irú ipò bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò. Nítorí náà, iye náà lè jẹ́ òtítọ́, kí ìtumọ̀ tí a fún un sì jẹ́ irọ́.

Ǹjẹ́ kò wá sí ìyàtọ̀ rárá láàárín ọkùnrin àti obìnrin ni? Ó wà. Janet Hyde kó àkójọpọ̀ ìwádìí 46 jọ ní 2005; ó rí i pé nínú àwọn ìyàtọ̀ tí wọ́n wọ̀n, 78 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó kéré tàbí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ní 2008, David Schmitt àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn ènìyàn tí ó ju 17,000 lọ ní orílẹ̀-èdè 55. Wọ́n rí i pé, ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibẹ̀, àwọn obìnrin sọ pé àníyàn àti ìpáyà ń bá àwọn ju bí àwọn ọkùnrin ṣe sọ lọ. Èyí tí ó ṣòroó túmọ̀ ni pé ìyàtọ̀ ìwà yìí fẹjú jù ní àwọn ilẹ̀ tí owó wà, tí ẹ̀tọ́ obìnrin sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù. Ẹnu àwọn ọ̀mọ̀wé kò kò lórí ohun tí ó fà á. Ohun kan dá mi lójú ṣá. Ọkùnrin ga ju obìnrin lọ bí a bá kó gbogbo wọn jọ tí a pín in dọ́gba. Síbẹ̀, a kì í sọ pé obìnrin tí ó ga ń ṣàìsàn, a kì í sì í gbé ọkùnrin kúkúrú lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rí kò sọ fún wa bí ó ṣe yẹ kí ẹnìkan rí. Ẹni tí ó bá da méjèèjì pọ̀ ti sọ ìṣirò di òfin.

Ẹlòmíràn lè sọ pé àwa Yorùbá ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Èdè wa kò ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo nínú arọ́pò-orúkọ. 'Ó' kan náà ni a ń lò fún bàbá àti ìyá. Ọ̀mọ̀wé Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí fi ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1997 jiyàn pé ipò àgbà àti àbúrò ni a fi ń to àwùjọ Ọ̀yọ́ kí àwọn òyìnbó tó dé, kì í ṣe akọ àti abo. Àwọn kan gbà fún un, àwọn kan kò gbà. Èmi rí ohun kan tí ó ṣe pàtàkì nínú èrò àwọn baba wa. Nínú ìwé ìbéèrè àwọn Broverman, lára àbùdá rere díẹ̀ tí a kà sí ti obìnrin ni jíjẹ́ ẹni jẹ́jẹ́, mímọ ọ̀rọ̀ sọ, àti mímọ ohun tí ń dun ẹlòmíràn. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, kí ni a ń pe ẹni tí ó bá ní gbogbo ìwọ̀nyí? Ọmọlúàbí ni. A kò sì béèrè bóyá agbádá ni ó wọ̀ tàbí ìró. Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, ẹni tí kò gbára lé ẹnikẹ́ni, tí ó ń bá gbogbo ayé du ipò, tí wọ́n kà sí ẹni tí ara rẹ̀ dá, ojú tí a ó fi wò ó kì í ṣe ti ìlera. A ó rán an létí pé igi kan kì í dá igbó ṣe. Nínú ìtàn Ifá, obìnrin ni Ìwà, aya Ọ̀rúnmìlà ni. Ìgbà tí ọkọ lé e jáde ni ọlá ọkọ wọmi, òun gan-an ni ó sì gbéra láti wá a kiri.

Ṣùgbọ́n kí a má fi èyí yangàn jù. Èdè tí kò ya akọ sọ́tọ̀ nínú arọ́pò-orúkọ náà ni ó bí 'ọkùnrin bí obìnrin'. Ọmọlúàbí pàápàá, a ti sọ ọ́ di ìjánu. Obìnrin tí ojú rẹ̀ wú, tí ó sá wá sílé baba rẹ̀, ìwà pẹ̀lẹ́ ni a fi ń dá a padà, a ó ní ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́. A kì í sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kí òun náà wá ṣe ọmọlúàbí. Òṣùwọ̀n tí ó dára ní ẹnu, tí a kì í gbé jáde àfi nígbà tí a bá fẹ́ wọn ẹnì kan ṣoṣo, ìdí rẹ̀ ti wọnú.

Nítorí náà, ìdáhùn mi rèé. Òṣùwọ̀n kan ni kí ó wà, kí a sì fi wọn gbogbo wa. Kí a má ṣe bi ènìyàn pé, 'Ǹjẹ́ o jọ bí ọkùnrin tàbí obìnrin ṣe yẹ kí ó rí?' Kí a bi í pé: kí ni ó ń dùn ọ́? Ṣé o ń sùn? Ṣé o ṣì ń rí ẹni bá sọ̀rọ̀? Ṣé inú ọkàn rẹ ni ìrora náà ti wá, àbí ẹsẹ̀ ẹnìkan ni ó wà lọ́rùn rẹ? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé ìwà ìkà ni kí a máa fún ẹni tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ ní oògùn kí ó lè fara da ẹsẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 2023, òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ gba ìbuwọ́lù ní Nàìjíríà, ó sì rọ́pò òfin 1958 tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń pe aláìsàn ní aṣiwèrè. Èyí dára. Ṣùgbọ́n òfin kò lè wọ inú ilé ọ̀fọ̀ lọ kí ó gba ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu wa. Àwa fúnra wa ni yóò ṣe ìyẹn. Bí mo bá tún bá ara mi níbi tí ọkùnrin ti dúró ṣánṣán níbi ìsìnkú aya rẹ̀, mo ti mọ ohun tí n ó sọ sí i létí. Àwọn àgbà ni wọ́n ti sọ ọ́ ṣáájú mi, wọn kò sì sọ pé ojú ọkùnrin ni tàbí ojú obìnrin: bí ojú bá ń sunkún, a máa ríran.